Bí mo ṣe fi wísíkì Jàpáànì mẹ́fà wéra: alápòpọ̀ mẹ́ta, single malt mẹ́ta

Ìgò mẹ́fà ni mo tò kalẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ alápòpọ̀: Hibiki Japanese Harmony, 43%, Fuji Single Blended, 43%, Nikka From the Barrel, 51.4%. Mẹ́ta yòókù jẹ́ single malt: Yamazaki Distiller's Reserve, 43%, Yoichi, 45%, Kanosuke, 48%. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n máa ń sọ, pé single malt lọ̀gá, alápòpọ̀ lọmọ ẹ̀yìn. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, torí ahọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ dá nǹkan mọ̀ mọ́ lẹ́yìn ife kẹrin.

Ọ̀rọ̀ "single" yẹn máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Kì í ṣe àgbá kan ṣoṣo ló ń sọ, ilé ìpọntí kan ṣoṣo ni. "Malt" ní tirẹ̀ ń sọ pé ọkà báálì tí wọ́n rẹ sómi títí ó fi hù ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Àgbá púpọ̀ ni wọ́n máa ń pò pọ̀ di single malt. Alápòpọ̀ ni èyí tí wọ́n da wísíkì báálì bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ wísíkì ọkà mìíràn, àgbàdo ló sábà máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ gogoro sè kó lè fúyẹ́. Fuji yàtọ̀ díẹ̀: ilé ìpọntí kan náà ni tọ̀tún tòsì rẹ̀ ti jáde, ní Gotemba lẹ́sẹ̀ òkè Fuji. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ "Single Blended" sí i lára.

Ní Scotland, àwọn ilé ìpọntí máa ń pààrọ̀ ọtí láàárín ara wọn kí wọ́n lè rí oríṣiríṣi pò. Kò rí bẹ́ẹ̀ láàárín Suntory, tó ni Hibiki àti Yamazaki, àti Nikka, tó ni From the Barrel àti Yoichi; kálukú ló ń se oríṣiríṣi nínú ilé ara rẹ̀. Wọ́n á ní ìkòkò bàbà tó ga, wọ́n á ní èyí tó kúrú, wọ́n á lo àgbá igi mélòó kan. Ohun tó jẹ́ kí ọwọ́ àwọn apọntí wọn já fáfá nídìí pípò nìyẹn, òun náà ni kò sì jẹ́ kí n fojú kékeré wo alápòpọ̀ wọn.

Ìwé ara ìgò ni mo kọ́kọ́ kà. Òfin Jàpáànì fúnra rẹ̀ gba ilé iṣẹ́ láyè láti ra wísíkì òkè òkun, kó pò ó mọ́ tirẹ̀, kó sì tà á. Ẹgbẹ́ àwọn apọntí ibẹ̀, JSLMA, ló gbé ìlànà jáde ní oṣù kejì ọdún 2021, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin, wọ́n sì fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ títí di ìparí oṣù kẹta ọdún 2024 láti tún ìwé ara ìgò wọn ṣe. Kí ọtí tó lè jẹ́ "Japanese whisky", ọkà tó ti hù gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti Jàpáànì wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ fi ìwúkàrà sí i, tí wọ́n sè é, tí wọ́n rọ ọ́ sígò. Ó gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 ó kéré tán nínú àgbá igi tí kò ju lítà 700 lọ, nínú ilẹ̀ Jàpáànì. Agbára rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 40% lọ nínú ìgò. Wọ́n gba àwọ̀ ṣúgà jíjó láyè, nítorí náà ẹ má fi dúdú ọtí mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nikka sọ ọ́ ní gbangba pé From the Barrel kò kún gbogbo ìlànà yìí. Inú mi dùn sí òtítọ́ yẹn ju àwòrán òkè àti òdòdó tí àwọn mìíràn ń yà sára ìgò lọ, mo sì fi í sílẹ̀ láàárín àwọn mẹ́fà.

Ife tí mo lò ni èyí tí ikùn rẹ̀ yọ, tí ọrùn rẹ̀ fún. Ife wísíkì pẹrẹsẹ tó lanu gbòòrò máa ń jẹ́ kí òórùn fò lọ, ògidì ọtí nìkan ni imú á máa bá. Omi gbígbóná ni mo fi fọ̀ wọ́n, láìlo ọṣẹ, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ títí wọ́n fi gbẹ. Ife tó ti pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù máa ń gbé òórùn pákó, òórùn pákó sì ni ohun tí èèyàn ń wá nínú wísíkì, nítorí náà irọ́ ni yóò pa fún yín. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kìlóríìnì sí kò dára. Omi inú ike tí iyọ̀ ilẹ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀ ni mo lò.

Ibi tí ìfiwéra ti máa ń bàjẹ́ jù ni agbára ọtí. Bí ẹ bá gbé 51.4% sẹ́gbẹ̀ẹ́ 43%, èyí tó le jù yóò dà bí ẹni pé ó kún jù, kò sì tíì fi nǹkan kan hàn yín nípa iṣẹ́ apọntí. Mo bomi dá gbogbo wọn sí 43%. Mílílítà 20 ni mo wọ̀n sí ife kọ̀ọ̀kan. Fún From the Barrel, ẹ sọ 20 di ìlọ́po 51.4, ẹ fi 43 pín in, ó di 23.9, ẹ yọ 20 kúrò, ó ku mílílítà 3.9 omi. Bákan náà, Kanosuke gba 2.3, Yoichi gba 0.9, àwọn mẹ́ta yòókù kò gba nǹkan kan. Ṣírínjì kékeré láti ilé oògùn ni mo fi wọ̀n ọ́n, torí ṣíbí kò lè wọn 0.9.

Omi inú fíríìjì ni mo kọ́kọ́ lò, ìyẹn ò dáa. Kanosuke ṣú nínú ife bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Òróró inú ọtí ló fà á: bí ilé ìpọntí kò bá fi òtútù sẹ́ ẹ kúrò, tí agbára ọtí wá lọ sílẹ̀, tí òtútù tún mú un, òróró náà á yọ síta. Ọtí náà kò bàjẹ́, àmọ́ òtútù ń pa òórùn. Mo dà á nù, mo lo omi tó wà lórí tábìlì, ní nǹkan bí 20°C.

Ẹlòmíràn ló bá mi bu ọtí nígbà tí mo wà ní yàrá kejì, ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ìdí ife, ó sì fi àwo tíì dé wọn fún ìṣẹ́jú 10. Mo gbé imú sí etí ife, mi ò kì í bọ inú rẹ̀, mo sì ya ẹnu díẹ̀ kí ọtí má baà ta mí nímú. Mo mu ún bíńtín, mo dì í mẹ́nu tó ìṣẹ́jú àáyá 10, lẹ́yìn náà ni mo gbé e mì. Láàárín ife méjì, omi àti búrẹ́dì funfun lásán ni mo fi ń nu ẹnu.

Alẹ́ kìíní jẹ́ ti alápòpọ̀. Fuji fúyẹ́ jù: èso, fànílà, èèpo búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ààrò. Oríṣi ẹ̀rọ mẹ́ta ni wọ́n fi ń se wísíkì ọkà ní Gotemba, láti orí èyí tó fúyẹ́ dé èyí tó wúwo. Ó hàn, torí adùn rẹ̀ fúyẹ́ síbẹ̀ kò ṣófo ní àárín. From the Barrel ní 43% di ọtí mìíràn. Ata gbígbẹ tó máa ń ta ọ̀fun lọ sílẹ̀, dòdò tó pọ́n dáadáa àti igi jíjó wá jáde. Ó dùn, àmọ́ mo rí i pé agbára rẹ̀ wà lára bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tí mo tún un mu láìbomi, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún múlẹ̀.

Hibiki ló gba àkókò jù. Oyin, èèpo ọsàn, òdòdó, lẹ́yìn náà nǹkan kan tí mi ò lè dárúkọ. Mo kán an sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀kán méjì péré, mo fi ọwọ́ méjèèjì ra á títí tí ògidì ọtí fi fò lọ, mo wá gbé ọwọ́ símú. Tùràrí ni. Ó dà bí òórùn tó máa ń kù lára aṣọ ẹni tó ti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń fi tùràrí dé, àgbọn díẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mizunara ni igi náà, óákù Jàpáànì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àgbá òkè òkun kò wọlé mọ́, ni wọ́n yíjú sí i. Igi tó ń dààmú àwọn tó ń ṣe àgbá ni: kì í tọ́ bọ̀rọ̀, ó máa ń jò, ó sì gbọ́dọ̀ dàgbà gan-an kí ó tó ṣe é gẹ́ sí àgbá. Ọtí tún gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú rẹ̀ kí tùràrí yìí tó jáde, torí náà díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Ẹ dán ọ̀nà àtẹ́lẹwọ́ yìí wò pẹ̀lú ìgò èyíkéyìí. Ó máa ń fi igi hàn ju ife lọ.

Alẹ́ kejì, single malt. Àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún: mi ò sọ fún ẹni tó ń bu ọtí pé kó fi Yoichi kẹ́yìn. Òun ni mo kọ́kọ́ mu. Èéfín rẹ̀ gba ahọ́n, Yamazaki tó tẹ̀ lé e sì dà bí omi ṣúgà. Mo dá iṣẹ́ dúró, mo dúró fún wákàtí kan, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí Yamazaki.

Yamazaki, láti Shimamoto tí odò Katsura, Uji àti Kizu ti pàdé, èso pupa ló kún inú rẹ̀, torí àgbá wáìnì pupa wà lára ohun tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ó rọ̀, ó tètè wuni, kì í pẹ́ lẹ́nu. Kanosuke jẹ́ ọmọdé láàárín wọn: ọdún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í se wísíkì níbẹ̀, létí òkun ní Kagoshima, ilé tó sì ń ṣe ṣóchù, ọtí líle ìbílẹ̀ Jàpáànì, láti ara ìrẹsì, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ nínú àgbá, ló dá a sílẹ̀. Àgbá ṣóchù yẹn ni wọ́n tún fi iná jó nínú, tí wọ́n wá rọ wísíkì sí. Mo gbọ́ oyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, àti adùn kan bí ìrẹsì tó jóná díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò. Ilẹ̀ Kagoshima gbóná, ọtí ń tètè gba ara igi níbẹ̀. Bí kò ṣe pẹ́ lọ́jọ́ orí kò fara hàn tó bí mo ṣe rò.

Yoichi kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Masataka Taketsuru, tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Scotland láti 1918 sí 1920, tó bá Shinjiro Torii, olùdásílẹ̀ Suntory, ṣiṣẹ́ ní Yamazaki, ló dá a sílẹ̀ ní Hokkaido ní 1934. Èédú ilẹ̀ ni wọ́n ṣì ń fi ṣọ́bìrì kó sábẹ́ ìkòkò bàbà wọn. Iná ojúkojú yẹn máa ń jó ọtí díẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ibẹ̀ ni òórùn nǹkan tó jóná ti ń wá. Mo tún gbọ́ iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ. Èéfín rẹ̀ ní tirẹ̀ wá láti ara báálì tí wọ́n fi iná píìtì, ilẹ̀ dúdú tí ewéko jíjẹrà di, yan. Ọtí Nikka kejì, Miyagikyo, ooru inú páìpù ni wọ́n fi ń sè é; òdòdó àti èso ni ẹ máa bá nínú tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà, iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Alẹ́ kẹta ni mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní méjì méjì, láìmọ èwo lèwo: Hibiki àti Yamazaki, Fuji àti Kanosuke, From the Barrel àti Yoichi. Mo ṣì í lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́fà: Hibiki ni mo pè ní single malt, Yamazaki ni mo pè ní alápòpọ̀. Ọtí tó jinlẹ̀ jù nínú méjèèjì ni Hibiki, èrò mi kò sì tíì yí padà. Kanosuke borí Fuji, torí ó ní ara. Yoichi àti From the Barrel dọ́gba ní 43%. Láìbomi, From the Barrel ló mú un.

Mo fi omi dán wọn wò lọ́nà tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbà mu ún gan-an. Fún highball, ìyẹn wísíkì tí wọ́n fi sódà là, ẹ kó yìnyín ńlá kún ife gígùn, ẹ rò ó kí ife tutù, ẹ da omi tó yọ́ nù. Mílílítà 30 wísíkì, ẹ rò ó. Lẹ́yìn náà 90 sí 120 omi sódà tó tutù, ẹ dà á gba ẹ̀gbẹ́ ife, kì í ṣe orí yìnyín. Ṣíbí kan, ẹ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹ bá rò ó jù, afẹ́fẹ́ sódà á tán. Bí sódà bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, á tán kí ẹ tó gbé e dẹ́nu. Yamazaki rì sínú sódà, kò sí ohun tó kù. Fuji dára, Yoichi tún dára jù ú lọ: èéfín rẹ̀ ń gun orí afẹ́fẹ́ sódà jáde. Mizuwari ni ti Hibiki, ìwọ̀n wísíkì kan sí omi tútù méjì, pẹ̀lú yìnyín ńlá kan ṣoṣo. Yìnyín wẹ́wẹ́ yóò yọ́ kíá, á sì pa tùràrí yẹn.

Ẹ gbé ìgò dúró, ẹ má dùbúlẹ̀ rẹ̀ bíi wáìnì, torí ọtí líle ń jẹ kọ́ọ̀kì. Nígbà tí Yamazaki ku ìdajì, mo rọ ọ́ sí ìgò kékeré títí dé ọrùn, mo sì gbé e sínú òkùnkùn. Fuji ni mo fi sílẹ̀ nínú ìgò ńlá rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, èso ṣì wà nínú Yamazaki. Fànílà ti dín kù nínú Fuji, ògidì ọtí ló kọ́kọ́ ń kan imú.