Bẹ́ ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọn trumpet láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú trumpet lọ́wọ́, bọ́tìnnì mẹ́ta orí ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ń tẹ̀, á rò pé ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Kì í ṣe ibẹ̀ o. Ètè yín ló ń dá ohùn yẹn sílẹ̀, èémí yín ló ń tì í jáde, irin yẹn kàn ń jẹ́ kó dún síta ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa tètè mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kàn ń tẹ bọ́tìnnì kiri lọ.

So, ẹ gbé trumpet sílẹ̀ ná, ètè la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa ètè méjèèjì pọ̀ bíi pé ẹ fẹ́ pe "m̀m̀m̀", ẹ jẹ́ kí igun ẹnu le díẹ̀ kí àárín ẹ̀ rọ̀, kẹ́ ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn gba àárín yẹn títí ètè á fi máa gbọ̀n, á dún bí ìgbà tí oyin bá ń kùn. Ẹ má wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ o. Tíyẹn bá ti ń jáde, ẹ yọ mouthpiece, ìyẹn ibi tá a máa ń fi ẹnu sí, ẹ gbé e sí àárín ètè, ìdajì lókè ìdajì nísàlẹ̀ (tí eyín yín ò bá jẹ́ kó dúró sáàárín gan-an, kó yẹ̀ díẹ̀ ò burú), kẹ́ ẹ tún ṣe ohun kan náà nínú ẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ohùn náà máa gòkè kó tún máa wálẹ̀ láì já. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra mouthpiece, èyí tí wọ́n kọ 7C sí lára (nọ́ńbà ìwọ̀n ẹ̀ nìyẹn) ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń lò, ẹ má wá kékeré torí pé wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kéèyàn fọn ohùn òkè.

Èémí ńkọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ jókòó kí ẹ̀yìn yín nà tàbí kẹ́ ẹ dìde dúró, ẹ gba ẹnu fa atẹ́gùn sínú kí ikùn àti ìhà yín fẹ̀ síta, tẹ́ ẹ bá rí i pé èjìká ló ń gòkè, a jẹ́ pé òkè àyà nìkan lẹ fi ń mí, kò sì ní tó yín lò. Ẹ má sé èémí mọ́nú kẹ́ ẹ tó fọn, bó ṣe wọlé tán ni kó yí padà jáde. Tí òòyì bá kọ́ yín, ẹ jókòó sinmi, ó máa ń ṣe ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó kan gbígbé e dání. Ọwọ́ òsì ló ń gbé gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ fi orí ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún lé bọ́tìnnì, kí àwọn ìka yẹn ká díẹ̀. Ìkọ́ kékeré kan wà fún ìka ọwọ́ ọ̀tún tó kéré jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fa trumpet mọ́ ẹnu! Títẹ irin mọ́ ètè yìí ló ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè lọ bọ̀ nínú ètè mọ́, ètè á rẹ̀, ohùn á kú. Louis Armstrong pàápàá, afọn-trumpet tí gbogbo ayé mọ̀, ètè ẹ̀ bà jẹ́ débi pé ó ní láti sinmi fún ìgbà kan. Tóhùn ò bá gòkè, èémí ni kẹ́ ẹ fi kún un, kì í ṣe agbára ọwọ́.

Ó yá, ẹ ti mouthpiece bọnú trumpet, ẹ kàn yí i díẹ̀ kó dúró, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a wọlé. Láì tẹ bọ́tìnnì kankan, ẹ fa èémí, ẹ fi ahọ́n pe "tù", kẹ́ ẹ jẹ́ kó dún lọ gbọọrọ. Ohùn tó bá jáde lè jẹ́ do, ó lè jẹ́ so, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí, ẹ dì í mú, kẹ́ ẹ ka 1 dé 8 lọ́kàn kó má sì gbọ̀n. Ó lè sú yín o, àmọ́ mi ò mọ nǹkan míì tó ń tún ohùn ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yìí la wá dé orí bọ́tìnnì, ìyẹn valve. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kí atẹ́gùn gba ọ̀nà tó gùn sí i: ìkejì á mú ohùn wálẹ̀ ní semitone kan (ìṣísẹ̀ ohùn tó kéré jù), ìkínní méjì, ìkẹta mẹ́ta. Kó tó di pé Heinrich Stölzel àti Friedrich Blühmel gbàwé àṣẹ lórí valve ní Berlin lọ́dún 1818, ètè nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wá ohùn lórí trumpet.

Àwọn bọ́tìnnì tẹ́ ẹ máa tẹ̀ fún ohùn kọ̀ọ̀kan nìyí:

Do: ẹ má tẹ nǹkan kan
Re: 1 àti 3
Mi: 1 àti 2
Fa: 1
So: ẹ má tẹ nǹkan kan
La: 1 àti 2
Ti: 2
Do òkè: ẹ má tẹ nǹkan kan

Ṣé ẹ rí i pé mi àti la ò yàtọ̀ lọ́wọ́ rárá? Ètè àti bí èémí ṣe ń sáré ló yà wọ́n. Re máa ń ga jù díẹ̀, ìdí nìyẹn tí òrùka fi wà lára irin valve kẹta tó ṣeé fà, ẹ fi ìka ọwọ́ òsì tì í síta díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń bá ẹni tó ń tẹ dùùrù ṣe é, ẹ rántí pé C (ìyẹn do) orí trumpet yín, B flat ló jẹ́ lórí dùùrù.

Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó níbẹ̀rẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì ṣe pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ tó náà ni kẹ́ ẹ ṣe sinmi tó. Tí ètè bá ti ń dunni, ó parí fún ọjọ́ yẹn.

Ìtọ́jú ẹ̀ ò le. Ẹ fọ ẹnu kẹ́ ẹ tó fọn, ẹ da omi inú ẹ̀ nù lẹ́yìn ẹ̀. Tí bọ́tìnnì bá ń há, ẹ tú u lókè, ẹ fà á síta, ẹ kán òróró valve sí i lára, kẹ́ ẹ dá a padà sí ihò ẹ̀ gan-an (nọ́ńbà wà lára ẹ̀), kẹ́ ẹ rọra yí i títí á fi dún "tẹ́". Tẹ́ ẹ bá fọn tí atẹ́gùn ò gbabẹ̀ kọjá, valve yẹn ni ò jókòó dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ trumpet, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, omi gbígbóná máa ń bó ọ̀dà ara ẹ̀. Tí mouthpiece bá sì há, ẹ má fi páláyà fà á o, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe, wọ́n ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ọ́.