Bí A Ṣe Ń Fi Okùn Fáíbà Wọn Nínà Bíìmù Kọnkéré

Okùn fáíbà, ìyẹn okùn gíláàsì tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í ṣe ohun tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán nìkan; bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan, ó lè sọ fún wa bí nǹkan náà ṣe ń nà, bí ó ṣe ń súnkì àti bí ó ṣe ń gbóná. Ẹni tí ó fẹ́ mọ bí bíìmù gbọ̀ngàn ìjọsìn tàbí ti afárá kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń gba ẹrù ni mo kọ èyí fún.

Irú okùn tí ẹ nílò ni Bragg grating. Gíláàsì rẹ̀ kò nípọn ju máíkírómítà 125 lọ, àwọn ìlà tíntìntín tí a fi ìmọ́lẹ̀ yà sì wà ní àárín rẹ̀. Kenneth Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ni wọ́n rí i ní 1978 pé èyí ṣeé ṣe. Bí a bá ran ìmọ́lẹ̀ sí i, àwọn ìlà náà á dá ìgbì ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo padà, èyí tí gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí nánómítà 1550. Bí okùn bá nà ní ìdá kan nínú mílíọ̀nù, gígùn ìgbì náà á yí ní nǹkan bí píkómítà 1.2 (píkómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún nánómítà), bí ó bá gbóná sí i ní ìwọ̀n Celsius kan, á yí ní nǹkan bí píkómítà 10. Nítorí pé gíláàsì kì í gbé iná, wáyà iná ìjọba àti ẹ̀rọ wẹ́dà kì í da ohun tí ó ń sọ rú.

Abẹ́ bíìmù, ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ló sábà máa ń nà jù. Ẹ kọ́kọ́ ha ìrẹ́ tí bíríkìlà fi pa á lára kúrò, torí pé ìrẹ́ lè ṣí kúrò lára kọnkéré láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹ fi sáńdípépà dán ojú kọnkéré náà, kí ẹ fi sípíríìtì nu eruku rẹ̀ nù, kí ẹ rọra fa okùn le díẹ̀, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù èpókísì lẹ gbogbo ibi tí ìlà wà. Ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ sórí ibi tí ó ti sán. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ń ka ìgbì máa ṣiṣẹ́ bí ẹ ti ń lẹ̀ ẹ́: bí ṣóńṣó kan tí ẹ ń rí lójú ẹ̀rọ náà, tí ó dúró fún ìgbì tí ó padà, bá pín sí méjì, gọ́ọ̀mù náà kò dọ́gba, ó sàn kí ẹ tún un ṣe nígbà tí ó ṣì tutù. Ẹ má ṣe ká okùn náà ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ má sì wo ẹnu rẹ̀ láé, torí pé ojú kì í rí ìmọ́lẹ̀ yìí, síbẹ̀ ó lè ba ojú jẹ́. Inú ìgò tí ó ní ìdérí ni kí ẹ kó àfọ́kù gíláàsì sí.

Ooru ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nínú iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe okùn nìkan ni ooru ń kàn. Kọnkéré fúnra rẹ̀ ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 10 nínú mílíọ̀nù fún ìwọ̀n Celsius kan, ìyẹn sì ń fi píkómítà 12 kún 10 ti okùn. Nígbà ọyẹ́, bí kọnkéré bá fi ìwọ̀n 15 gbóná láti ìdájí di ọ̀sán, ẹ̀rọ lè fi nǹkan bí píkómítà 330 hàn nígbà tí kò sí ẹnìkan nínú gbọ̀ngàn! Àwọn kan a máa fi okùn kejì sílẹ̀ láìlẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ti okùn nìkan ni ìyẹn ń yọ kúrò. Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ lẹ okùn kejì mọ́ bíríkì kọnkéré kékeré kan tí kò gbé ẹrù kankan, tí ẹ pò pẹ̀lú irú òkúta tí ó wà nínú bíìmù, nítorí pé òkúta ló ń pinnu jù bí kọnkéré ṣe ń fẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bíìmù náà, níbi tí òjìji kan náà ti bò wọ́n.

Ẹ ka ti àwọn méjèèjì kí èrò tó dé, kí ẹ sì tún kà wọ́n nígbà tí ibẹ̀ kún. Bí ti bíìmù bá yí ní píkómítà 170, tí ti bíríkì sì yí ní 110, ẹrù ló ni 60 tí ó kù. Ẹ fi 1.2 pín in, yóò di ìdá 50 nínú mílíọ̀nù, ìyẹn ni pé gbogbo mítà kan nà ní mílímítà 0.05. Lẹ́yìn tí èrò bá túká, ẹ kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò bá padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, tí ó sì ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ kó àkọsílẹ̀ náà, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀, lọ fún ẹnjiníà ilé kí wọ́n tó tún gba èrò síbẹ̀.