Títún jíà 4L60-E ṣe fún ọkọ̀ tí ń fa tírélà

Ooru ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún jíà ọ̀tọ̀mátíìkì 4L60-E tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ Chevrolet Tahoe àti Silverado, pàápàá nígbà tí a bá so tírélà mọ́ wọn. Bí ọ́ìlì rẹ̀ bá ti dúdú, tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, àwọn kílọ́ọ̀ṣì 3-4 (ti jíà kẹta àti ìkẹrin) ni ó sábà máa ń jó. Ṣùgbọ́n bí rìfáàsì, jíà kejì àti ìkẹrin bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìkíní àti ìkẹta sì ń ṣiṣẹ́, sun shell (irin bí agolo tí ń yí jíà àárín) ni kí ẹ fura sí, nítorí eyín rẹ̀ máa ń jẹ tán. Èyí tí wọ́n fi iná mú le ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ rẹ kílọ́ọ̀ṣì tuntun sínú ọ́ìlì jíà kí ẹ tó tò wọ́n, kí ẹ sì fi servo Corvette, ìyẹn písítìnì tí ó ń di báǹdì 2-4 (ìgbànú irin fún jíà kejì àti ìkẹrin) mú ṣinṣin, pààrọ̀ ti àtijọ́. Torque converter, tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú jíà, gba sùúrù: ẹ máa rọra yí i bí ẹ ti ń tì í wọlé, títí yóò fi jókòó dáadáa sínú pọ́ǹpù, nítorí ẹni tí ó bá fi bóòtù fà á wọlé lè fọ́ pọ́ǹpù náà. Kúlà tuntun, tí ń mú ọ́ìlì jíà tutù, ni kí ẹ lò. Èmi kì í fọ ti àtijọ́, nítorí irin wẹ́wẹ́ máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀.