Bí mo ṣe to "look" àti àwọn ẹbí rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Kàbà

Gbólóhùn kan nínú àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ mi ló gbé mi dìde. Ó ń ròyìn ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti oko dé tó sì bá èsì ìdánwò rẹ̀ lórí tábìlì, ó wá kọ ọ́ pé: "My father glanced at my result for thirty minutes." Gírámà rẹ̀ kò yẹ̀. "Glance" ni kò lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọmọ tó kọ ọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ó ti tú fóònù, ó rí "glance" láàárín àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó sábẹ́ "look", ó sì gbà pé èyí tó bá wu òun ni òun lè mú. Mo yẹ ìwé àwọn yòókù wò, mo rí irú rẹ̀ káàkiri: "He stared me", "I was seeing the masquerade", "We peeped the football match". Mo pinnu pé mi ò ní kàn fi báírò pupa fàlà sí wọn kí n sì dá ìwé padà. Màá to "look" àti gbogbo ẹbí rẹ̀ sójú kádíbọ́ọ̀dù ńlá kan, kí ọmọ SS2 lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì.

Nínú ìdánwò WAEC àti ti JAMB, wọ́n máa ń fàlà sí ọ̀rọ̀ kan nídìí, wọ́n á ní kí ọmọ mú èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀. Lójú ẹni tó fi àkọ́sórí kọ́ ọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló jọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ìdánwò á ṣe tán lọ́jọ́ kan. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín "gaze" àti "glare" lè sọ ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ nípa ẹni tó fẹ́ràn, kó má sì mọ̀.

Kíkó ọ̀rọ̀ jọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ṣa èyí tí àwọn ọmọ fúnra wọn ti lò, lẹ́yìn náà mo ṣí irú ìwé tí Òyìnbó ń pè ní thesaurus, tó máa ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ra síbì kan. Oníṣègùn kan, Peter Mark Roget, ló tẹ èyí tó lókìkí jù jáde ní 1852, nígbà tó ti di ẹni ọdún 73. Ìwé náà dára, àmọ́ ẹni tó ti mọ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, tó kàn sá mọ́ ọn lórí, ló wà fún. Kì í ṣàlàyé ìtumọ̀. Ohun tó ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà lórí fóònù gan-an nìyẹn. Ìwé tí mo gbára lé ni atúmọ̀ èdè Oxford fún akẹ́kọ̀ọ́. A. S. Hornby ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ àwọn ará Japan ní Gẹ̀ẹ́sì, Oxford sì tẹ̀ ẹ́ ní 1948. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀ ni ó ní lọ́kàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ní gbólóhùn tó gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn gbólóhùn yẹn ni mo kà jù. "Inspect" àti "examine", mo yọ wọ́n kúrò, torí ojú nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ìpín àkọ́kọ́ rọrùn, nítorí Yorùbá ti ṣe é fún wa. "See" ni rírí: nǹkan wá bá ojú, o fẹ́ o kọ̀. "Look" ni wíwò: ìwọ lo darí ojú síbẹ̀. Èèyàn lè wò kó má rí, Gẹ̀ẹ́sì náà sì gbà bẹ́ẹ̀: "I looked but I did not see it." "Watch" ló fẹ́ àlàyé díẹ̀, torí ó kó wíwòran àti ṣíṣọ́ pọ̀. Nǹkan gbọ́dọ̀ máa ṣẹlẹ̀, tàbí kó fẹ́ ṣẹlẹ̀, kí a tó lè "watch" rẹ̀. Ìdílé kan náà ni òun àti "wake" ti wá nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Àìsùn ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọmọ, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìṣọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn, Sà." Òótọ́ ló sọ. Ní ti "I was seeing the masquerade", èdè wa ló ń tì wọ́n débẹ̀: àwa lè ní "mo ń rí i", ṣùgbọ́n "see" kì í sábà gba "-ing" tó bá jẹ́ ojú lásán là ń sọ. Ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí egúngún ń kọjá, "watching" ló ń ṣe. "Seeing someone" sì tún ní ìtumọ̀ míì pátá, pé èèyàn méjì ń fẹ́ra.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni "stare", "gaze" àti "glare". Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń pẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ojú kì í kúrò lára ohun tó ń wò. Inú ọkàn ni wọ́n ti pínyà. "Stare" ni kí a ranjú mọ́ nǹkan tàbí èèyàn. Ó lè jẹ́ ìyanu, ó lè jẹ́ ìbẹ̀rù, ó lè jẹ́ pé ọkàn ẹni ti lọ síbòmíràn. Bó bá jẹ́ èèyàn là ń ranjú mọ́, ó sábà máa ń jẹ́ àìmọ̀wàáhù. "Gaze" rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfẹ́, ìyanu tó dùn tàbí àròjinlẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí a kó àwọn ọmọ lọ sí Lọ́kọ́jà tí a gun òkè Patti, tí wọ́n rí ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé nísàlẹ̀, wíwò tí wọ́n ń wò ó yẹn, "gaze" ni. Mo rán wọn létí ọjọ́ náà, n kò sì tún ní láti ṣàlàyé mọ́.

"Glare" ní tirẹ̀, ìbínú ni. Kó tó di ọ̀rọ̀ ojú, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń gún ni lójú ni, Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà Kàbà sí Ọbajànà lálẹ́, tí iná tírélà tó ń bọ̀ níwájú kọlù ú lójú, ti mọ "glare". Àwọn ọmọ fẹ́ kí n kọ "mọ́ lójú" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kò gbà. Ẹni tó mọ́ ẹlòmíì lójú ń kẹ́gàn rẹ̀ ni, ó lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó sì yíjú kúrò. Ẹni tó ń "glare" ń bínú, ojú rẹ̀ kò sì kúrò. "Mọ́ lójú" kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹyọ kan tó bá a mu nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó sún mọ́ ọn ni "give someone a dirty look". "Fojú burúkú wò" ni mo kọ síwájú "glare".

Mo wá ń dán ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò nípa fífi ọ̀rọ̀ míì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kọ "for a long time" tì wọ́n: "stare", "gaze" àti "watch" gbà á, "glance" kọ̀ ọ́. Mo kọ "by accident": "see" gbà á, "peer" kọ̀ ọ́. Mo kọ "lovingly": "gaze" gbà á tayọ̀tayọ̀, "glare" lé e jáde. Mo gba olùkọ́ èyíkéyìí nímọ̀ràn pé kó ṣe èyí ṣáájú ohun gbogbo, torí ọmọ lè dá a ṣe nílé láìsí ìwé kankan.

Àwọn tó kù kò gba àkókò púpọ̀. "Glance" ni kí ojú ba nǹkan kó sì kúrò kíá. Àdá tó ba òkúta tó yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, "glance off" náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. "Glimpse" ni kí a rí nǹkan fìrí: ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ "glance", ṣùgbọ́n "glimpse" kàn bọ́ sí ọ lójú ni. "Peep" ni yíyọjú wò, láti ibi kọ́lọ́fín, kí wọ́n má bàa rí ọ. "Peer" ló rú wọn lójú jù, nítorí "peer group" ni wọ́n mọ̀. Ìyá àgbà kan ní Bùnú ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀, tí mo bá nídìí òfì olóòró, irú èyí tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa fi ń hun aṣọ. Òwú kan já láàárín èyí tó nà. Ìyá tẹ̀ síwájú títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ, wọ́n fún ojú pọ̀, wọ́n ń fi ìka wá ibi tó já. Wíwò tó ṣòro, tí ojú ń jìjàdù kó tó rí, ni "peer".

Ọ̀rọ̀ atọ́kùn, irú bíi "at" àti "into", ló kàn. Nínú Yorùbá, "wò" a máa gba àbọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tí à ń wò, tààrà, ibẹ̀ ni "stared me" ti ń wá. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "see", "watch" àti "glimpse" nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí mo tò. "Look", "stare", "gaze", "glare" àti "glance" ń béèrè "at" kí wọ́n tó kan èèyàn. Mo wọ COCA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àkójọ Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà tó lé ní bílíọ̀nù kan ọ̀rọ̀, láti wo ohun tó ń tẹ̀ lé "peer": "into", "through", "over". Ìyẹn bá ìtumọ̀ rẹ̀ mu, torí nǹkan sábà máa ń dí ẹni tó ń "peer" lójú.

Ní kíláàsì, mo kọ ọ̀rọ̀ sínú bébà pélébé, mo ká wọn, ẹni tó bá mú ọ̀kan á fi ojú ṣe é, àwọn tó kù á dárúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn ọmọ sì tètè mọ̀ ọ́n. Àríyànjiyàn tó dùn mọ́ mi jù ni ti ọmọkùnrin kan tó ní ìyá bàbá òun máa ń wo òun tìfẹ́tìfẹ́ títí òun yóò fi jẹun tán: ṣé "gaze" ni àbí "watch"? Ìdajì kíláàsì ní ìfẹ́ wà níbẹ̀, "gaze" ni. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní tó bá jẹ́ oúnjẹ jíjẹ rẹ̀ ni wọ́n ń wò, "watch" ni. Tó bá jẹ́ ojú rẹ̀ ni, "gaze" ni. N kò ní nǹkan kan fi kún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo rò dáadáa kí n tó kọ ọ́ sójú kádíbọ́ọ̀dù: "leer", kí ọkùnrin máa fi ojú ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ wo èèyàn. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n fò ó. Mo kọ ọ́, sábẹ́ "stare", pẹ̀lú gbólóhùn tirẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ọmọbìnrin tí irú ojú bẹ́ẹ̀ bá bà lójú ọ̀nà ọjà gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ohun tí wọ́n ṣe sí i, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, bó bá di pé ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó lè gbà á sílẹ̀.