Géèmù Ń Kú Lójú Ọmọ Yín? Ẹ Má Tíì Fọ́máàtì

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ilé tó ní kọ̀ǹpútà ní Àbújá àti ìlú Òkè Ọya

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan ní Kubwa, Àbújá, nígbà ọyẹ́ tó kọjá ló mú kí ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ ìwé yìí. Ìyá náà ń ta aṣọ òkè àti léèsì ní ọjà Wuse. Inú láptọ́ọ̀pù ilé ni àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ wà, ti ọdún 4 gbáko. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù lórí láptọ́ọ̀pù kan náà. Nígbà tó yá, géèmù ò lọ mọ́: bó bá ti gbá a fún bí ìṣẹ́jú 15, ojú kọ̀ǹpútà á ṣú, gbogbo rẹ̀ á sì kú fin-ín. Wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Onítọ̀hún ò béèrè nǹkan kan, ó fọ́máàtì ẹ̀ (ó nu gbogbo ohun inú rẹ̀ kúrò, ó tún Windows gbé sí i), ó gbowó ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, géèmù tún kú ní ìṣẹ́jú 15 bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbèsè ọdún 4 sì ti lọ.

Èmi ni mo padà tú láptọ́ọ̀pù náà nínú pálọ̀ mi. Mo yọ ìdérí ìsàlẹ̀, mo gbé fáànù kúrò. Láàárín fáànù àti àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ooru ń gbà jáde, eruku ọyẹ́ ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ irun àti òwú, ó ti nípọn bí ẹní. Mo fi ẹ̀mú fà á, ó ṣí kúrò lódindi bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí ewé lára ẹ̀kọ. Kò sí ojú ihò kan tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá. Kí n tó gbá eruku náà kúrò, ooru inú rẹ̀ ń dé 98°C láàárín ìṣẹ́jú 10 tí géèmù bá wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kò kọjá 78°C. Ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ títí dòní. Ìyá rẹ̀ ṣì ń rin ìsọ̀ kan dé òmíràn, ó ń bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n rántí iye tí wọ́n jẹ ẹ́.

Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń tan kọ̀ǹpútà tàbí bí a ṣe ń gbé géèmù sórí rẹ̀. Ẹ mọ ìyẹn. Fọ́máàtì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ó dà bí ìgbà téèyàn pa fóònù tó tún tan án. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bó ṣe wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, àwòrán ìgbéyàwó yín, iṣẹ́ iléèwé ọmọ yín, ìwé ajé yín, gbogbo rẹ̀ ló ń nù. Ibi tí ọmọ yín gbá géèmù dé náà ń nù pẹ̀lú wọn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ wá fláàṣì 64GB. Ẹ da Documents, Pictures àti Desktop sí i. Ti géèmù: ọ̀pọ̀ ń kó ibi tí a gbá wọn dé sínú Documents, nínú fódà tó ń jẹ́ My Games. Àwọn mìíràn ń fi pamọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ %appdata%, ẹ tẹ Enter, ẹ wá orúkọ géèmù yín níbẹ̀. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ tún fi %localappdata% ṣe bákan náà. Ẹ dà á sí fláàṣì. Ìwé ajé yín, ẹ tún da ẹ̀dà kejì sí fóònù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe èyí, yálà géèmù kú tàbí kò kú.

Kí ló kú gan-an?

Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé géèmù nìkan ló pa ara rẹ̀ dé, tí ẹ sì bá ara yín lójú Windows padà, àbí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló kú? Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, oògùn wọn ò sì jọra. Tí kọ̀ǹpútà bá kú pátápátá láìsọ nǹkan kan, ooru tàbí iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tí géèmù nìkan bá kú, ẹ yẹ fáìlì rẹ̀ wò, àti driver (ètò tí Windows fi ń bá káàdì àwòrán, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, sọ̀rọ̀), àti ààyè tó kù nínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ wo aago pẹ̀lú. Èyí tó kú kí ìṣẹ́jú 1 tó pé, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ooru, torí kọ̀ǹpútà kì í sábà tíì ráyè gbóná. Èyí tó ń kú láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30, tó sì ń tètè kú lọ́sàn-án ju òru lọ, ẹ máa pè é ní ooru títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí mìíràn.

Windows fúnra rẹ̀ ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, a kàn kì í kà á ni. Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ eventvwr, ẹ tẹ Enter, ẹ ṣí Windows Logs. Lábẹ́ System, ẹ wo àkókò tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Kernel-Power pẹ̀lú nọ́ńbà 41 túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. Nọ́ńbà 4101 túmọ̀ sí pé driver káàdì àwòrán dákú, ó sì tún jí. Lábẹ́ Application, nọ́ńbà 1000 ń dárúkọ géèmù tó kú àti fáìlì tó ti kọsẹ̀. Ẹ fi fóònù ya á. Bákan náà ni kí ẹ ya ọ̀rọ̀ tó bá hàn lójú géèmù kí ẹ tó tẹ OK. Àwọn ọmọ a máa yára tẹ OK bí ẹni pé ẹjọ́ ni wọ́n fẹ́ bò mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an sì ni ìdáhùn.

Ooru àti eruku

Ọyẹ́ Òkè Ọya kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ìbàdàn. Láti ìparí Oṣù Kọkànlá títí wọ Oṣù Kejì, eruku Sàhárà ń wọ inú àpótí tí a tì pa, ká má tíì sọ ihò láptọ́ọ̀pù. Bí ọyẹ́ bá sì ti lọ, Oṣù Kẹta àti Oṣù Kẹrin á gbé ooru tiwọn dé, èyí tó ń tó 40°C ní Kano, Sokoto àti Maiduguri. Kọ̀ǹpútà tí eruku dí nímú ní Oṣù Kìíní, Oṣù Kẹrin ló máa kú.

A kì í gbá géèmù lórí bẹ́ẹ̀dì. A kì í gbá a lórí pílò. Mo ti sọ èyí títí ẹnu fi ń ro mí. Bí mo bá tún wọ ilé, orí bẹ́ẹ̀dì náà ni mo ń bá a. Orí tábìlì ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì fi ìdérí ìgò mẹ́rin sábẹ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó ga sókè díẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò nìyí. Ẹ pa kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú 30 kó tutù. Ẹ gbé fáànù ilé kojú rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 2 síra. Nínú settings géèmù, ẹ dín frame rate (iye àwòrán tó ń kọjá lójú ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kù sí 30, ẹ gbé gíráfíìkì sí Low. Ẹ gbá a. Tó bá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ooru ni ọ̀tá yín. Ẹni tó bá fẹ́ rí nọ́ńbà ooru gan-an, kó gba ètò HWiNFO, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá ń kọjá 95°C, ẹ má gbá géèmù lórí rẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi tọ́jú rẹ̀. Bó bá ku díẹ̀ kó pé 100°C, ọ̀pọ̀ processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ń dín agbára ara wọn kù. Tí ooru ò bá dáwọ́ dúró, wọ́n á pa kọ̀ǹpútà kí wọ́n má baà jóná.

Gbígbá eruku: ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì tó bá ṣeé yọ. Ẹ ki igi ìtayín sáàárín abẹ́ fáànù kó má lè yí, nítorí afẹ́fẹ́ líle tó bá yí i kọjá agbára rẹ̀ á bà á jẹ́. Ẹ fi blower fẹ́ ẹ fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ dúró, ẹ tún fẹ́ ẹ, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Èyí tó bá lẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun tó gbẹ nù ún. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ni ẹ ń tu sínú iná. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Nígbà òjò, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Tí fáànù bá mọ́ tí ooru ò sì dín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpara tó wà láàárín processor àti irin ooru ló ti gbẹ. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú fi òmíràn sí i. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ti tó.

Tí ibi tí a ń fi ìka tọ́ (touchpad) bá gbé sókè, tàbí tí ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù wú, bátìrì ló wú. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má gún un, ẹ má gbé e sóòrùn.

Iná

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, ṣájà tó bá a wá kì í sì í fìgbà gbogbo jẹ́ tirẹ̀. Ẹ gbé ṣájà síbi tó mọ́lẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú Output. Ẹ fi volt sọ ampere di púpọ̀: 19.5 lọ́nà 3.33 jẹ́ nǹkan bíi watt 65. Láptọ́ọ̀pù géèmù tó ní káàdì àwòrán tirẹ̀ sábà máa ń béèrè watt 120, 180, tàbí 230. Ẹ fi watt 65 sí i, á ṣí Word, á ṣeré fíìmù. Bí géèmù bá ti wúwo, ọwọ́ á kúrú. Ṣájà tuntun gbọ́dọ̀ ní volt kan náà, watt rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kéré sí ti àtilẹ̀wá.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń fẹ́ volt 230. Ẹ lo sìtẹ̀bíláísà, ẹ má sì so fíríìjì mọ́ ọn pọ̀. Tí iná bá dé, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5. Kí ẹ tó yí sí jẹnẹrétọ̀, ẹ pa géèmù, ẹ pa kọ̀ǹpútà. Fáìlì tí géèmù ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ ló sábà máa ń bàjẹ́.

Tó bá jẹ́ géèmù nìkan ló kú

Ẹ tún fáìlì rẹ̀ ṣe kí ẹ tó rò ó pé ẹ fẹ́ yọ ọ́. Lórí Steam (ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì), ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ géèmù, ẹ wọ Properties, ẹ wọ Installed Files, ẹ tẹ Verify. Kìkì fáìlì tó bàjẹ́ ni yóò tún gbà, dátà yín ò ní jóná lórí 60GB.

Lẹ́yìn ìyẹn, driver káàdì àwòrán. Ọ̀dọ̀ NVIDIA, AMD tàbí Intel fúnra wọn ni kí ẹ ti gbà á. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn driver tuntun ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ Device Manager, Display adapters, Properties, Driver, kí ẹ tẹ Roll Back. Láptọ́ọ̀pù tó ní káàdì méjì lè máa fi èyí tó lẹ gbé géèmù. Ẹ wọ Settings, System, Display, Graphics, ẹ yan High performance fún géèmù náà.

Drive C (ibi tí Windows wà) gbọ́dọ̀ ní ààyè tó ṣẹ́kù, ìdá kan nínú márùn-ún. Ti 256GB, kí 50GB ṣófo. Ẹ pa Chrome kí ẹ tó gbá géèmù tí RAM (ìrántí ojú ẹsẹ̀ kọ̀ǹpútà) bá jẹ́ 8GB. Tí aago kọ̀ǹpútà bá ń padà sí ọdún àtijọ́, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní wọlé; nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bátìrì kékeré CR2032 ló kú, volt 3 ni, ó rọrùn láti pààrọ̀.

Nípa géèmù jíjí tí wọ́n ń dà sí fláàṣì fún àwọn ọmọ yín: antivirus á yọ fáìlì kan kúrò nínú rẹ̀, géèmù á kú, ẹni tó tà á á sì ní kí ọmọ pa antivirus. Láti ọjọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà tí ìyá fi ń wọ báńkì ti ṣílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ohun tí ọmọ ń gbé wọlé. Géèmù ọ̀fẹ́ tó mọ́ pọ̀ lórí Steam.

Yàtọ̀ sí ìdánwò ooru tí mo sọ lókè, ohun yòówù tí ẹ bá ń ṣe, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Àgbẹ̀ tó bu ajílẹ̀ méjì àti oògùn kòkòrò sóko lọ́jọ́ kan náà ò ní mọ èyí tó gbè é. Ẹ yí ohun kan padà, ẹ gbá géèmù fún ìṣẹ́jú 30, ẹ kọ àbájáde sínú ìwé kí ẹ tó kan òmíràn.

Tó bá di pé ẹ ó gbé e lọ fún alátùn-únṣe

Ẹ mú ìwé yẹn lọ, àti àwọn àwòrán tí ẹ fi fóònù yà. Ẹ ní kó gbá eruku, kó wo ooru, kó sì yẹ RAM wò kó tó kan Windows. Ẹ dúró tì í tí àyè bá wà. Tí ẹ bá máa fi sílẹ̀ lọ, ẹ kọ ọ́ sí bébà gàdàgbà, ní Yorùbá àti ní Hausa, nítorí ọmọ iṣẹ́ tó máa tú u lè má gbọ́ èdè yín, kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí láptọ́ọ̀pù, kí nọ́ńbà fóònù yín wà lábẹ́ rẹ̀:

Ẹ MÁ FỌ́MÁÀTÌ LÁÌPÈ MÍ.
KADA A YI FORMAT SAI AN KIRA NI.