Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ṣíṣẹ̀dá èdè

Ẹ fẹ́ ṣẹ̀dá èdè fún ìgbádùn ara yín, ẹ sì fẹ́ kó dà bí èyí tí wọ́n ti ń sọ láti ìran dé ìran? Ẹ má ṣe gbé ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ kí ẹ máa fi ọ̀rọ̀ tuntun rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì náà ṣì ni, aṣọ ló pààrọ̀. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní know nìkan, Faransé ní savoir fún mímọ nǹkan, ó ní connaître fún mímọ ènìyàn.

Ẹ má sì ṣa ìró jọ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé. Kọ́ńsónáǹtì 8 péré ni èdè Hawaii ní. Ní ti àmì kọ́mà òkè tí àwọn kan ń fọ́n sáàárín ọ̀rọ̀, tí kò dúró fún ìró kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́.

Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó gbọ́ pé èdè àbínibí kì í tẹ̀lé òfin délẹ̀, tó wá ń ba òfin tirẹ̀ jẹ́ bó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ tó yà kúrò lójú òfin ní ìtàn. Ká ní mak ni òkúta, maki sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ìró i fa ìró a tó ṣáájú rẹ̀ mọ́ra, a di e, maki sì di meki. Lẹ́yìn náà fáwẹ́ẹ̀lì ìparí já, meki di mek. Irú ọ̀nà yìí ni foot àti feet gbà. Ó wà nínú Sindarin, èdè tí òǹkọ̀wé Tolkien ṣẹ̀dá, pẹ̀lú: amon ni òkè, emyn ni àwọn òkè.

Àyípadà ìró kì í sì í ṣojúsàájú. Nígbà tí c Látìnì tó ṣáájú a di ch ní Faransé, cantare di chanter, caballus di cheval, carrus di char. Bí fáwẹ́ẹ̀lì ìparí bá já lára meki, ó gbọ́dọ̀ já lára ọ̀rọ̀ mìíràn nínú èdè yín, bíi talu, náà.

Ẹ kọ àwọn àyípadà yìí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Bí fáwẹ́ẹ̀lì ìparí bá kọ́kọ́ já kí i tó fa a, maki á di mak, ẹyọ àti ọ̀pọ̀ á di ọ̀kan náà, àwọn tó ń sọ èdè náà á sì ní láti wá ọ̀nà mìíràn tí wọn yóò máa fi yà wọ́n sọ́tọ̀.