Ẹ Má Tíì Gbé Bílíìṣì: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Omi Ẹ̀rọ Ilé Bá Ń Rùn

Bí omi ilé bá ti yí òórùn padà, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n rán ọmọ lọ ra Hypo tàbí Jik, kí ẹnì kan gun àkàbà, kó dà á sínú táǹkì, kó sì dé e padà. Tó bá di ọjọ́ kejì, òórùn bílíìṣì á ti bo òórùn àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ọkàn onílé á sì balẹ̀. Kò ní pẹ́ tí òórùn àkọ́kọ́ náà á fi padà dé, nítorí kò síbi tó lọ tẹ́lẹ̀. Ìyá àwọn àṣìṣe yòókù nìyí: à ń lé òórùn, a ò sì béèrè ibi tó ti wá.

Omi kì í ṣàdédé rùn. Ó lè jẹ́ irin, ó lè jẹ́ imí ọjọ́, ó lè jẹ́ ẹrẹ̀ tó sùn sí ìsàlẹ̀ táǹkì, ó lè jẹ́ kòtò ìgbẹ́ aládùúgbò, ó sì lè jẹ́ epo tó jò sínú ilẹ̀. Kálukú wọn ló ní òórùn tirẹ̀ àti ìtọ́jú tirẹ̀. Ohun tó wo ọ̀kan sàn lè mú kí òmíràn burú sí i.

Kí a máa dá omi lẹ́bi láì wò ó dáadáa

Nígbà míì, omi kò jẹ̀bi rárá. Ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde lábẹ́ síǹkì ló ń rùn, tí òórùn rẹ̀ sì ń gòkè wá bá wa gẹ́lẹ́ bí a bá ṣí ẹ̀rọ. Ẹ bu omi náà sínú ife onígíláàsì tó mọ́. Ẹ má lo ife rọ́bà, nítorí rọ́bà máa ń di òórùn ọṣẹ àti ti ọbẹ̀ mú. Ẹ gbé e jáde sí ìta, kí ẹ mi ife náà díẹ̀, kí ẹ wá fi imú sí i. Bí ife kò bá rùn níta, ihò síǹkì ni kí ẹ fọ̀, kì í ṣe táǹkì.

Bí ife bá rùn, ẹ tọpa rẹ̀. Ṣé omi gbígbóná nìkan ló ń rùn? A jẹ́ pé inú ẹ̀rọ agbómigbóná ni wàhálà wà. Púpọ̀ nínú wọn ní ọ̀pá magnesium nínú tí kì í jẹ́ kí irin wọn dípẹtà, ọ̀pá yìí àti àwọn kòkòrò tójú ò rí ló sì máa ń pawọ́ pọ̀ mú òórùn ẹyin òbu jáde. Púlọ́ḿbà lè pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ kan péré ni? Ẹ tú ẹnu rẹ̀, ẹ wo asẹ́ kékeré tó wà níbẹ̀, ẹ ó rí ohun yọ̀ọ́yọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣé gbogbo ẹ̀rọ ilé ni, àmọ́ tí ẹ bá bu omi níbi tó ti ń jáde láti inú kànga dẹ̀rọ, kó tó dé táǹkì, kò rùn? Táǹkì nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé láti ẹnu kànga gan-an ló ti ń rùn, inú ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, kò sí iye ìgbà tí a lè fọ táǹkì tó máa yanjú rẹ̀.

Èyí tó bá jẹ́ ìdájí nìkan ló ń ní adùn irin, tó sì ń lọ lẹ́yìn tí omi bá ti ṣàn díẹ̀, ọ̀dọ̀ páìpù àti ẹnu ẹ̀rọ ló ti wá, torí omi sùn sínú wọn mọ́jú. Ẹ má fi omi àkọ́kọ́ yẹn po tíì tàbí ògì. Ẹ fi da ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Kí a máa da bílíìṣì sí omi onírin

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó àti agbègbè rẹ̀, irin ló pọ̀ nínú omi abẹ́ ilẹ̀. Ẹ máa dá a mọ̀. Tó bá ń jáde, ó mọ́ lóló. Tó bá ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún wákàtí kan tàbí méjì, ó ti pọ́n, ìyẹ̀fun pupa á sì sùn sí ìsàlẹ̀. Tíì tí ẹ bá fi pò á dúdú láìjẹ́ pé ẹ fi ewé púpọ̀ sí i. Aṣọ funfun á máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìlànà omi mímu tí SON, àjọ tó ń gbé òṣùwọ̀n ọjà kalẹ̀ ní Nàìjíríà, gbé jáde ní kí irin má ju 0.3 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, adùn àti àbàwọ́n ló sì fa òfin yẹn ju àìsàn lọ.

Bílíìṣì máa ń sọ irin tó ti yòrò sínú omi di ìpẹtà lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi fi máa ń dàrú lójijì lẹ́yìn tí wọ́n bá da bílíìṣì sínú táǹkì, tí gbogbo ẹ̀rọ á wá máa tu omi pupa. Ti aṣọ tún burú jù: aṣọ funfun tí irin bá ti bà jẹ́, tí ẹ wá rẹ sínú bílíìṣì, àbàwọ́n náà á wọnú ẹ̀ pátápátá. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, kí ẹ sá a sóòrùn kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ló ṣeé gbìyànjú.

Ohun tí irin ń fẹ́ ni afẹ́fẹ́. Ẹ ní kí púlọ́ḿbà fi orí ṣáwà sí ẹnu páìpù tó ń gbé omi wọ táǹkì, kí omi máa rọ̀ sínú rẹ̀ bí òjò. Afẹ́fẹ́ á bá a, irin á di ìpẹtà, á sì sùn sísàlẹ̀, kí omi tó gba inú asẹ́ oníyanrìn kọjá. Álọ́ọ̀mù tí àwọn kan ń jù sínú táǹkì lè mú kí ẹrẹ̀ sùn, àmọ́ kò pa kòkòrò, kò sì mú òórùn kúrò.

Kí a máa fọ táǹkì bó ṣe wù wá

Òórùn ẹyin òbu tó jẹ́ ti táǹkì nìkan ni bílíìṣì wúlò fún, àní nígbà náà, ó ní ètò. Ẹ tú omi inú rẹ̀ dànù, ẹ ha ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ fi omi ṣan án. Bílíìṣì tí wọ́n bá dà lé ẹrẹ̀ lórí, inú ẹrẹ̀ ni agbára rẹ̀ máa parí sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá rọ omi kún un. Fún táǹkì 1,000 lítà, nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀ bílíìṣì ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí kò ní lọ́fínńdà, ti tó. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí òórùn bílíìṣì á fi jáde níbẹ̀, ẹ tì wọ́n pa, kí omi náà wà níbẹ̀ fún wákàtí 12. Kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Ẹ tú u dànù, ẹ ṣan án, kó tó di omi lílò.

Ọ̀rọ̀ tí mò ń fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù lọ rèé. Ẹ má ṣe po bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bíi Harpic, ẹ má sì pò ó mọ́ ọṣẹ olómi míì kó lè lágbára. Gáàsì olóró ló máa ń jáde, inú táǹkì tó há kò sì ní ibi tí èèyàn máa sá gbà. Kódà láìsí bílíìṣì, táǹkì abẹ́ ilẹ̀ àti kànga lè ti kún fún afẹ́fẹ́ burúkú tí imú kò ní gbọ́. Àwọn tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìfami tó ń lo pẹntiróòlù sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga láti fà á gbẹ, èéfín rẹ̀ máa ń pani láìpariwo. Bí ẹni tó wọlé bá ṣubú, tí ẹnì kejì bẹ́ tẹ̀ lé e láti yọ ọ́, òkú á di méjì. Ẹ fi ìgbálẹ̀ onígi gígùn fọ̀ ọ́ láti òkè, tàbí kí ẹ pe àwọn tó ní irinṣẹ́ rẹ̀.

Káfúrà

Àwọn kan ń ju káfúrà tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ sínú omi ìwẹ̀, àní sínú táǹkì, kó lè lé òórùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá ọmọkùnrin, ni wọ́n bí láìní èròjà G6PD tó péye nínú ẹ̀jẹ̀, káfúrà sì máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú wọn. Ọmọ tuntun tó bá tipa bẹ́ẹ̀ ní ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ lè bọ́ sínú ewu tó ń ba ọpọlọ jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kí a máa rò pé sísè ló ń wo gbogbo ẹ̀

Bí omi bá ń rùn bí ìgbẹ́ tàbí bí omi gọ́tà, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá, kòtò ìgbẹ́ tàbí sókàwéè ti ń jò sínú kànga. Wọ́n ní kí àlàfo àárín wọn tó nǹkan bí 30 mítà, àmọ́ púlọ́ọ̀tì kan tí kànga wà níwájú, tí sókàwéè wà lẹ́yìn, tí ti aládùúgbò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ṣé ó lè tó bẹ́ẹ̀? Sísè máa ń pa kòkòrò àrùn lóòótọ́. Kì í mú náítíréètì, ìyẹn èròjà kan tó ti inú ìgbẹ́ wá, kúrò. Omi tó ń di ooru lọ, náítíréètì ò bá a lọ, nítorí náà ṣe ló máa ń pọ̀ sí i nínú èyí tó kù. Òṣùwọ̀n SON fún un ni 50 mílígíráàmù nínú lítà kan. Ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún: kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ dáadáa, ètè ọmọ á sì máa dúdú. Ẹ má fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì ọmọ, kódà bí ẹ bá sè é tó wákàtí kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ omi tó níyọ̀ rí, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ní Lekki àti Àjáh. Sísè máa ń mú iyọ̀ rẹ̀ le sí i ni.

Òórùn pẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì tún yàtọ̀. Ní Barúwà, lágbègbè Ìpájà ní Èkó, epo tó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti ba kànga àwọn ará àdúgbò jẹ́ láti àwọn ọdún 1990, ìyà omi sì jẹ wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má tọ́ irú omi yẹn wò, ẹ má sè é, ẹ má fi iná sún mọ́ kànga náà, ẹ má sì fi omi rẹ̀ gbígbóná wẹ̀ nínú ilé tó há. Ẹ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará àdúgbò kíákíá, torí kànga tiwọn ló kàn.

Kí a máa sá fún omi ìjọba nítorí kílórínì

Àwọn tó ń rí omi gbà láti Ijú tàbí Àdìyàn ní Èkó, tàbí láti Àṣejírè àti Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, lè gbóòórùn kílórínì nínú rẹ̀. Kílórínì díẹ̀ tó kù nínú omi ló ń dáàbò bò ó lójú ọ̀nà. Ẹ bù ú sínú ìkòkò, ẹ fi aṣọ tín-ín-rín bo ẹnu rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, òórùn náà á lọ. Ẹni tó da omi yìí nù lọ fa ti kànga, torí pé ti kànga kò rùn, ti fi èyí tó láàbò sílẹ̀ fún èyí tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kòkòrò onígbá méjì, irú èyí tó jà ní Èkó ní oṣù kẹfà 2024, kò ní òórùn nínú omi, kò sì ní adùn.

Kí a máa ra asẹ́ kí a tó ṣe àyẹ̀wò

Asẹ́ oníèédú dára fún kílórínì àti òórùn díẹ̀. Kò lè mú iyọ̀ tàbí náítíréètì kúrò, bí a kò bá sì pààrọ̀ èédú rẹ̀ lásìkò, inú rẹ̀ gan-an ni kòkòrò máa sọ dilé. Ẹ kọ́kọ́ gbé omi lọ sí yàrá àyẹ̀wò yunifásítì tàbí ti iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ yín. Ẹ gba ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ má lo ìgò kóòkì tó ti ṣófo. Ẹ jẹ́ kí omi ṣàn díẹ̀ kí ẹ tó bù ú, kí ọwọ́ yín má kan ẹnu ìgò, kí ẹ gbé e sínú yìnyín, kó sì dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ irú òórùn tí ẹ ń gbọ́ fún wọn àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n máa wá nínú rẹ̀. Kí èsì tó jáde, ẹ má san owó àsansílẹ̀ fún ẹ̀rọ kankan.